Ohùn Ni Mo Fi Ń Jẹun: Ìrírí Mi Lórí Ìtàgé àti Nínú Fíìmù, Láti Kétu dé Àjàṣẹ́

Àwọn ọmọ tó ń pè mí láti Kétu, Pobè àti Sakété ní ilẹ̀ Benin pé àwọn fẹ́ di òṣèré, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ìyá, ta ni ká lọ bá?" Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ní ẹgbẹ́ eré, ẹni tó ń ya fíìmù, ẹni tó lè mú wọn kọjá ẹnubodè Ìdí-Ìrókò lọ sí Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà. Ìbéèrè yẹn kò burú, èmi náà bi àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé kí ni òṣèré ń ṣe tí ohùn rẹ̀ kì í fi í bàjẹ́, tàbí kí ló yẹ kó wà nínú ìwé kó tó wọ ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ya fíìmù. Nǹkan méjì yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyẹn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ilé wa kò sì jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí àwọn àlejò ń wá wò títí dòní. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹni tó fi ẹnu lásán mú odidi ọjà dákẹ́. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ọ̀sán ni ti ijó, òru ni ti orin. Ẹ̀fẹ̀, olórin òru náà, á jáde pẹ̀lú ère lórí, á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá wa, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá gbé orin. Á yin ẹni ìyìn, á sì tú àṣírí ẹni tó jalè tàbí ẹni tó fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí máíkì, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan, síbẹ̀ ìyá àgbà tó jókòó sídìí ìsọ̀ tó gbẹ̀yìn pátápátá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Lọ́dún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ó sì wọ ìwé wọn lọ́dún 2008. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ohun tí èmi mú kúrò níbẹ̀ lọ́mọdé ni pé ọ̀fun líle ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, pé ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá le jù ni aráyé ń gbọ́. Èrò yẹn ló kó bá mi nígbà tó yá.

Ẹ̀kọ́ ni mo bá dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, eré ni kò jẹ́ kí n padà sílé mọ́. Àjàṣẹ́ dára fún òṣèré, nítorí pé etí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ́ èdè púpọ̀. A lè fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ìran kan, kí ayánilówó fi Ègùn dáhùn, kí ọlọ́pàá gbé Faransé wọlé, kò sì ní sí ẹni tó máa bi ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ló wí. Nínú ẹgbẹ́ tí mo wọ̀, àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ti bá àwọn alárìnjó rìn nígbà èwe wọn. Hubert Ogunde ni àwòkọ́ṣe wọn, ẹni tó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945, tí kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1990. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé alárìnjó ni wọ́n fẹ́ ká máa ṣe é: kí gbogbo ẹgbẹ́ kọ́kọ́ jáde, ká jó, ká kọrin dáadáa, kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ti iléèwé dé ní ayé àtijọ́ nìyẹn, òǹwòran kò ní sùúrù mọ́. A yọ ọ́ kúrò. Àwọn àgbà náà kò bá wa jà.

Kì í ṣe owó ìwọlé ló ń bọ́ òṣèré orí ìtàgé lọ́dọ̀ wa. Àjọ̀dún tíátà ńlá tí wọ́n ń pè ní FITHEB ti wà láti ọdún 1991, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn sókè, ṣùgbọ́n ọdún méjì méjì ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣe é, ikùn kì í sì í dúró de ọdún méjì. Eré ìlanilọ́yẹ̀ ló ń bọ́ wa. Àwọn àjọ tó ń gbógun ti ibà, àwọn tó fẹ́ kí ìyá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn tó fẹ́ kí ọmọbìnrin dúró níléèwé, wọ́n á háyà ẹgbẹ́ eré, a ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Ojú ọjà ni, àgbàlá iléèwé ni, abẹ́ igi ni. Ìlú méjì lè wà láàárín ọjọ́ kan. Èmi kì í fojú kéré eré bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá tó dìde láàárín eré tó ní òun ń lọ gbé ọmọ òun wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí à ń ti ṣe é. Lọ́jà Ouando, ẹ̀rọ ìlọta ń ké lápá kan, àwọn zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ń fọn fèrè lápá kejì, ẹni tó ń ta fóònù ti tú ẹ̀rọ orin rẹ̀ sókè, àwa sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ẹnu lásán. Mo pariwo. Mo pariwo nínú oòrùn, mo pariwo nínú ọyẹ́ nígbà tí eruku ń wọni lọ́fun, bí ọjà bá sì ṣe ń dún sí i ni èmi náà ń gbé ohùn sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yìn mí fún un. "Obìnrin yìí nìkan ló lè borí ẹ̀rọ ìlọta," ni wọ́n máa ń wí, orí mi á sì wú.

Orin òkè ló kọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ fún onílù pé kó bá mi rọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ohùn mi á há láàárọ̀, á sì là lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà kò là mọ́. Mo jẹ orógbó, mo jẹ ataare, mo mu omi gbígbóná tí a fi oyin àti ata ilẹ̀ sí. Ẹnìkan ní kí n máa gbé sódabì, ògógóró ọ̀dọ̀ wa, díẹ̀ mì kí n tó jáde. Mo gbé e mì, ọ̀fun mi gbẹ sí i. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni súìtì tó ń mú ọ̀fun tutù. Kì í wo nǹkan kan sàn. Ṣe ló ń jẹ́ kí n má mọ ìrora, èmi a sì tún máa ti ohùn náà síwájú níbi tó yẹ kó sinmi.

Pobè ló já sí. Eré kan ni, èmi ni ìyá tí wọ́n wá túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún. Ilẹ̀ ti ń ṣú, èrò pọ̀, àwọn ọmọdé ti gun orí ògiri. Òjíṣẹ́ wọlé, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yọ fìlà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n kúnlẹ̀ kí n ké pé: "Ọmọ mi lọ, kò dágbére." Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Mo tún mí kanlẹ̀, mo tún gbìyànjú, atẹ́gùn náà ni. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo wo ojú onígángan wa, òun náà wò mí, mo rí i pé ó ti yé e. Ó fi apá há ìlù rẹ̀, ó sì fi gángan sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́: Ọmọ mi lọ, kò dágbére. Kò sí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn obìnrin tó wà níwájú bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún lórí eékún mi níbẹ̀, ẹkún tí kì í ṣe ti eré.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà ju bí wọ́n ti í pàtẹ́wọ́ lọ. Wọ́n rò pé bí a ti ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀, àyà mi ń já, nítorí pé n kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, bàbá àwọn ọmọ mi sì ti kú. Mo rò ó pé tí n bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn náà á sinmi, kí n tún lè jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ yẹn tún dá kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kò tíì dákẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn pàápàá ó lè máa ṣiṣẹ́ ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ lọ.

Kútọnu ni mo ti rí dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ó fi gọ́ọ̀sì di ahọ́n mi mú, ó fi dígí kékeré kan sọ́hùn-ún, ó wò ó títí. Kókó kéékèèké ti yọ lára okùn ohùn mi, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi tí méjèèjì ti ń kan ara wọn gan-an. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, okùn méjèèjì yìí ń kan ara wọn ní nǹkan bí 200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí èèyàn bá wá ń pariwo, wọn kì í kan ara wọn mọ́, wọ́n ń gbá ara wọn ni. Bí ọkọ́ ṣe ń mú àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ le ni ara okùn náà ṣe ń le, tó ń yọ kókó. Mo ti ń rò pé iṣẹ́ abẹ ló máa sọ. Kò sọ ọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀ tí èèyàn bá dákẹ́, tó sì kọ́ ohùn rẹ̀ lọ́tun. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n má sọ wúyẹ́wúyẹ́, kí n má máa hà-hà láti fi tún ọ̀fun ṣe, kí n máa mu omi káàkiri ọjọ́, kí n sì jáwọ́ nínú oúnjẹ aláta tí mò ń jẹ lẹ́yìn ìdánrawò lóru kí n tó sùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn yà mí lẹ́nu. Omi kíkan inú ikùn ló máa ń gun òkè tí a bá yó tán tí a sì dùbúlẹ̀, á sì máa jó ọ̀fun láìjẹ́ pé àyà ń ta wá.

Mo ra síléètì àti ṣọ́ọ̀kì. Òun ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ipa mi nínú ẹgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì jowú rẹ̀, n kò ní pa á mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ayé ló ṣe mí. Ìyá mi ti Kétu wá, ó ní ká lọ bẹ àwọn ìyá wa. Mo bá a lọ, mo kúnlẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní, nítorí pé èmi kò rí ìjà láàárín ohun tí dókítà rí lọ́fun mi àti ohun tí ìyá mi ń bẹ̀rù.

Kétu náà ni mo ti rí ohun tí mo ti wò lọ́mọdé tí n kò rí. Bàbá àgbà kan tó ti ṣe Ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wá kí ìyá mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí síléètì, ẹ̀gbọ́n mi kà á fún un: mo fẹ́ mọ bó ṣe ń pariwo tí ọ̀fun rẹ̀ kì í fi í ya. Bàbá náà wò mí. "Ta ló ń pariwo?" Ó ní tí òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á rọ ìlù sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun kì í gbé orin títí ọjà yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun bá wá gbé e, àwọn elégbè ló ń gbà á lẹ́nu òun, àwọn ló ń tún un wí, àwọn ló ń gbé e dé ẹ̀yìn ọjà. Ìyá àgbà tó wà nídìí ìsọ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹnu elégbè ló ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó wà níwájú nìkan ni mò ń wò.

Nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn àìsàn ló mú mi lọ́wọ́. Omi ààbọ̀ ife àti ìfàmu ọ̀rá ni ohun èlò rẹ̀. Mo máa ń ki ìfàmu náà bọ omi, màá kùn sínú rẹ̀ kí omi náà máa hó, màá mú ohùn náà gòkè, màá mú un sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, màá pa ètè pọ̀, màá mú un gbọ̀n bùrùrù pẹ̀lú ohùn díẹ̀. Ó dà bí eré ọmọdé lójú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Títí di òní, n kì í jáde láìṣe é. Nígbà tó ṣàlàyé fún mi pé ohùn gbọ́dọ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀ kí iṣẹ́ líle tó dé bá a, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa àti orin àti ijó tí a yọ kúrò níwájú eré.

A dá a padà. A tún yí àwọn nǹkan mìíràn padà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ lè mú un lò lọ́la. A kì í dúró ní àárín ọjà mọ́. A máa ń wá ògiri tí a ó fi ẹ̀yìn tì, kí ohùn lè máa padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn dípò kó máa lọ sófo. A máa ń lọ bá onílé ìlọta ṣáájú, a ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa pa ẹ̀rọ fún ìgbà tí eré náà máa gbà. Wọn kì í sábà kọ̀, pàápàá tí a bá ní kí ìyàwó rẹ̀ wá jókòó níwájú. Gbólóhùn tó bá ṣe pàtàkì jù, elégbè ló ń tún un wí. Tí àjọ kan bá sì fẹ́ háyà wa, owó gbohùngbohùn ti wà nínú iye tí a máa ń kọ ránṣẹ́. Ká má ti sọ ọ́ ló jẹ́ kí wọ́n máa rò pé a kò nílò rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni fíìmù wọlé. Wọ́n wá ìyá kan tí kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnìkan sì dárúkọ mi. Mo ti wà lórí ìtàgé pẹ́, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ yàrá, mo rí òkú ọkọ mi lórí ibùsùn, mo ya ojú, mo na ọwọ́, mo ké. Olùdarí dá wa dúró. Ó wá bá mi jẹ́ẹ́, ó ní: "Màmá, kò sí ẹ̀yìn ọjà níbí." Ó mú mi lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń wo àwòrán, ó fi ojú mi hàn mí. Ó kún gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ṣẹ́jú, òǹwòran rí i. Bí mo bá kàn gbé itọ́ mì, ó rí i. Ohun tí mò ń fi gbogbo ara sọ lórí ìtàgé, kámẹ́rà ń wá mú un lójú mi, kò ní kí n gbé e wá. Mo tún un ṣe. Mo kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo tún aṣọ tó bo ẹsẹ̀ òkú náà ṣe. Wọ́n gbà á.

Ohun tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi ni pé wọn kì í ya ìtàn náà bó ṣe lọ. A lè sin ọkọ láàárọ̀, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàìsàn lálẹ́. Ife tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, tí mo bá gbé e sọ́wọ́ òsì nígbà tí wọ́n yí kámẹ́rà padà, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tí ń bá mi ṣe é á sì tún ẹkún rẹ̀ sun. Mo ra ìwé kékeré kan. Ìran kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ aṣọ tí mo wọ̀ sílẹ̀, bí gèlè ṣe rí, ọwọ́ tí nǹkan wà, àti ohun tí obìnrin tí mò ń ṣe ti mọ̀ títí di ìgbà yẹn àti èyí tí kò tíì mọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì jù. Ẹ tún ṣọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ tó le, nítorí máíkì tó wà lábẹ́ aṣọ ń gbọ́ wọn ju ohùn lọ.

Ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ dà mí láàmú. Ní Benin, "ɛ" àti "ɔ" ni wọ́n fi kọ́ wa láti máa kọ èdè wa, a sì ń kọ "kp" níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ "p". Bí ti Nàìjíríà ni wọ́n kọ ìwé tí wọ́n fún mi, kò ní àmì ohùn, kò ní àmì abẹ́, mo sì ń kà á bí ẹni ń táràrà. Báyìí, mo máa ń fi pẹ́ńsù fi àmì sí gbogbo rẹ̀ nílé, màá kà á sókè fún ẹni tó gbọ́ ti Nàìjíríà dáadáa. Wọ́n tún sọ fún mi pé ahọ́n Kétu mi kò dán. Mo kọ́ tiwọn, nítorí iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí òṣèré lè pa ahọ́n dà. Àmọ́ nígbà tí mo bá ń ṣe ìyá tó wá láti ilẹ̀ wa, tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn, mo máa ń bá wọn jiyàn, mo sì ti borí níye ìgbà.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹnu ni a fi ṣe àdéhùn fíìmù tó tóbi jù tí mo ṣe lódì kejì, ní Nàìjíríà. Wọ́n fún mi ní díẹ̀, wọ́n ní ìyókù di ìgbà tí fíìmù bá jáde. Ó jáde, wọ́n ní kò tíì tà. Nígbà tí owó kan fi máa dé, oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá, wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ láti wá ìpele tirẹ̀. Séfà tiwa so mọ́ owó euro, 655.957 ni euro kan, kì í yẹ̀. Torí náà, bí náírà bá já wálẹ̀, ọwọ́ wa ló ti ń hàn. Owó tí mo ti fi ṣírò ilé ìwé ọmọ kò tó ìwé kíkà rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kọ iye náà, ẹ kọ irú owó tó jẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Kí ìdajì ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀, ibi tí ẹ máa sùn àti oúnjẹ, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa gbà, àti ohun tí wọ́n máa san tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ibi tí fíìmù náà máa ti jáde. Ìwé tí mo fọwọ́ sí fún fíìmù mìíràn láyé VCD kò mẹ́nu ba íntánẹ́ẹ̀tì rárá, YouTube sì ni èèyàn ti ń wo fíìmù náà lónìí. Òfin tí wọ́n ṣe ní Benin lọ́dún 2006 lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ka ẹ̀tọ́ òṣèré mọ́ ọn, BUBEDRA, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní Benin, ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹnubodè náà jẹ́ nǹkan tó yẹ kí ará Kétu àti ará Àjàṣẹ́ máa fi sọ́kàn. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà tì í. Mo ti gba iṣẹ́ kan lódì kejì, àwọn kan ní kí n gba ọ̀nà inú igbó, n kò gbà. Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe é. Kọ̀rónà tún dé, wọ́n sé Àjàṣẹ́ mọ́ pẹ̀lú Kútọnu. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni Ìdí-Ìrókò tó ṣí. Eré ìlanilọ́yẹ̀ tí àwọn kan nínú wa ti ń pè ní iṣẹ́ ọmọdé ló bọ́ mi láàárín ìgbà yẹn.

Fún àwọn ọmọbìnrin: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá yẹ ipa wò nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, má lọ. Ojú èèyàn ni wọ́n ti ń yẹ ipa wò. Mú ẹnìkan dání, kí ẹni tó wà nílé mọ ibi tí o wà àti orúkọ ẹni tó pè ọ́. Ipa tó bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí èyí wà, n kò ka ọ̀kankan nínú wọn sí àdánù.

Ohùn mi padà, ṣùgbọ́n orin òkè kò padà mọ́. Ọmọbìnrin kan láti Sakété ló ń gbé e nínú ẹgbẹ́ wa báyìí, èmi wà láàárín elégbè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé ìdánrawò pẹ̀lú ohùn tó há, a sì ní eré lọ́jọ́ kejì. Ó ní kò sí nǹkan, òun á jẹ orógbó. Mo pe àwọn tó háyà wa, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sún un síwájú, bí kò bá sì ṣeé ṣe, a ó dá owó wọn padà. Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ náà wà nílé, ó ń fi fóònù kọ̀wé sí mi dípò kó pè mí. Mo ti sọ fún un pé tí ohùn náà kò bá là kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, èmi fúnra mi ló máa mú un lọ rí dókítà ní Kútọnu.